Sí Ìyá Ṣé-Ó-Dájú, Lórí Ojú Ewé Mọ́kànlá Tí Ọmọ Wọn Fi Sílẹ̀

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, àti ìbínú tí a kò ní bò mọ́ra, ni àwa Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ Ilé Ìtẹ̀wé fi ń kọ̀wé sí ẹ̀yin ìyá wa àti ọmọbìnrin yín, lórí ikú ọmọ yín tí gbogbo wa ń pè ní Ṣé-Ó-Dájú. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kì í ṣe ẹni tí ó yẹ kí ìyá rẹ̀ sin. Ikú ṣe ohun tí kò tọ́, a sì wí bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀.

Ọdún márùn-ún ló fi jókòó létí fèrèsé, bírò pupa lọ́wọ́, tó ń ka gbogbo ìwé kí a tó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá ní òun ti parí iṣẹ́, ìbéèrè kan náà ló máa gbọ́: "Ṣé ó dájú?" Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Ó ń yọ wá lẹ́nu o, àmọ́ láti ìgbà tó ti dé, kò sí iṣẹ́ kan tí wọ́n dá padà fún wa.

Ilé iṣẹ́ wa ló ń tẹ ìwé ìwádìí àwọn ọ̀mọ̀wé onímọ̀ ìṣirò. Lọ́dún kejì tó dé, ó rí i pé ìlà kẹtàdínlógún nínú iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà wọn ń fi nǹkan kan pín òmíràn, nǹkan náà sì lè jẹ́ òdo. A kì í fi òdo pín nǹkan. Ọmọ iléèwé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fi bírò yí i po. Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá, ó ní, "Ìwọ, kọ́mà ni kí o máa wá. Fi òótọ́ sílẹ̀ fún wa." Ọmọ yín dìde, ó kí i dáadáa, ó ní, "Kọ́mà náà ni mò ń wá, sà, kí n tó pàdé òdo." Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè; àmọ́ àgbà yìí ní òun kò rí akèrègbè kankan níbẹ̀. Bí àṣìṣe náà ṣe wà ni wọ́n ní kí a tẹ̀ ẹ́.

Ọdún méjì ló fi wá ọ̀nà tí kò gba ọ̀dọ̀ òdo kọjá. Ó rí i, ó kọ ọ́ sí ojú ewé mọ́kànlá, ó sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀mọ̀wé náà. Wọ́n dá a padà: wọ́n ní ẹnì kan kì í dá sọ̀rọ̀ nínú ìwé àwọn, kí ó yọ "mo" kúrò, kí ó kọ "a." Ó bi wá pé, "Èmi àti ta ni?" Ẹ̀rín pa wá. Ó ní ó dáa, òun àti ìyá òun ni, ló bá kọ "a" láti òkè délẹ̀, ó sì tún fi í ránṣẹ́ sí wọn. Nínú gbogbo wọn, olùkọ́ obìnrin kan ṣoṣo ló sọ pé ọ̀nà rẹ̀ tọ́, tó sì ń wá bá a jiyàn bí ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́.

Ìyá wa, ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tí a sin ín, ojú ewé mọ́kànlá náà dé ọ̀dọ̀ wa fún títẹ̀. Lẹ́tà kan kò yí padà. Orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n àti ti ẹni méjì mìíràn ló wà lókè, nísàlẹ̀, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ "òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé kan." Wọ́n ti sọ "a" di tiwọn. A gbọ́ pé wọn yóò wá bá yín lọ́jọ́bọ̀ pẹ̀lú ìwé kan tó ní ẹbí kò ní ohunkóhun láti sọ sí i. Ẹ má fọwọ́ sí i. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n.

Ní tiwa, a ti ṣèpàdé. Àwa mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n la wà níbẹ̀, ẹnu wa sì kò: a kò ní fi íńkì kan iṣẹ́ náà àfi bí orúkọ ọmọ yín nìkan bá wà lókè rẹ̀. Ọ̀gá tó ni ilé iṣẹ́ ní kí a ro ti oúnjẹ òòjọ́ wa. A ti rò ó. Èyí tí ọmọ yín fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tòun ti ọjọ́ tó kọ ọ́, wà lọ́wọ́ wa, olùkọ́ obìnrin yẹn sì ti gbà láti jẹ́rìí. Òun àti alága wa yóò ti jókòó sí pálọ̀ yín kí àwọn àlejò náà tó dé.

Kí Ọlọ́run tó fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ta yín lọ́rẹ nu omijé yín nù. Kí ó di àbúrò rẹ̀ mú, kí ó má jẹ́ kí ilé náà dá páropáro. Bí wọ́n bá sì kan ilẹ̀kùn lọ́jọ́bọ̀, kí ó fi "rárá" sí yín lẹ́nu, kí ohùn yín má sì gbọ̀n.