Morádéyọ̀, Kí Lo Ń Yí Lọ́wọ́ Yẹn?

Abúlé Ìdí-Ọsàn,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Morádéyọ̀ ọmọ mi, Àṣàbí,

Ṣé dáadáa ni o wà? Múyìwá ọkọ rẹ ńkọ́? Ilé yín ní Ìbà Housing Estate ńkọ́, ṣé òjò kò wọ inú yàrá mọ́? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ yín níbẹ̀ kò ní í gbàgbé yín, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní í di ẹrù lé ọ lórí, àárọ̀ rẹ yóò dára, alẹ́ rẹ yóò sì dára jù ú lọ, àmín. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Àgbàdo ti ń yọ irùkẹ̀rẹ̀, ewúrẹ́ funfun ti bímọ, orúnkún bàbá rẹ ṣì ń dùn wọ́n, wọn kò sì gbà kí a fi òróró pa á.

Mo ti kí ọ tán. Jẹ́ kí n wá bi ọ́ báyìí, ta ló kọ́ ọ ní irú nǹkan tí o fojú mi rí l'Ọ́jọ́rú?

Bàbá rẹ lọ sóko, wọ́n fi fóònù ńlá tí ẹ̀yin ọmọ rà fún wọn sílẹ̀ lórí tábìlì. Mo ń gbálẹ̀ lọ́wọ́ ni mo gbọ́ tó dún, mo fọwọ́ kàn án bí Ìdírísù, ọmọ aládùúgbò wa, ṣe kọ́ wa, àfi bí mo ṣe rí ojú rẹ. O so aṣọ ìdáná mọ́ra, ò ń rẹ́rìn-ín, o ní ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ní kú àárọ̀, Àṣàbí, ṣé o jí ire? O kò dá mi lóhùn. Mo tún un sọ, mo gbé ohùn sókè, mo ní bóyá ariwo Okokomaiko ni kò jẹ́ kí o gbọ́, o kàn ń bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ bí ẹni pé igi ló ń kí ọ. Ibẹ̀ ni àyà mi ti kọ́kọ́ já, nítorí mi ò tọ́ ọmọ tí yóò kí ìyá rẹ̀ tán tí kò ní í dúró gba èsì.

O wá ní oúnjẹ tí o fẹ́ ṣe lónìí kò nílò iná rárá. Morádéyọ̀! Mo wá àga jókòó. Mo ní gáàsì ti tán nílé ọmọ mi. Bí gáàsì bá tán, kẹrosíìnì ńkọ́, èédú ńkọ́, ṣé gbogbo rẹ̀ ló tán pọ̀ l'Ékòó ni? O ní déètì ni o fẹ́ fi ṣe é. Déètì kan ṣoṣo tí èmi mọ̀ ni ti ara kàlẹ́ńdà, èyí tí tíṣà máa ń kọ sókè pátákó láàárọ̀. Mo ní kí ni ebi fi ọmọ mi ṣe tó fi fẹ́ máa jẹ ọjọ́ inú oṣù? Kí n tó mí, o ní Alaba Rago ni o ti rà á. Orí mi wú. Bàbá rẹ mú mi dé Alaba Rago lọ́dún tí a wá ra àgbò iléyá, àgbò ló kún ibẹ̀, àgbò àti ohun tó ń jáde lára àgbò. Bí mo ṣe ń rò ó lọ́wọ́ ni mo rí i tí o bu nǹkan dúdú kan, tí ò ń yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ rẹ méjèèjì, róbótó, róbótó, kéékèèké, tí ò ń tò ó sínú àwo funfun. Yéè! Mo pariwo. Ìgbẹ́ àgbò! Ọmọ tí mo rán lọ sí yunifásítì ló ń yí ìgbẹ́ àgbò lọ́wọ́, tó tún ń rẹ́rìn-ín, tó ju ọ̀kan sẹ́nu, tó dijú, tó ní ó dùn.

Omi ń bọ́ lójú mi. Mo pe nọ́ńbà rẹ, kò lọ. Mo padà sí ojú rẹ nínú fóònù, o ṣì ń sọ̀rọ̀, o ní kí a tẹ̀ lé ọ, o kò sọ ibi tí ò ń lọ, o wá ní kí a má gbàgbé láti tẹ agogo. Mo mọ̀ pé lílù là ń lu agogo, a kì í tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n mo ní ìdààmú ni kò jẹ́ kí ọmọ mi mọ ohun tó ń sọ mọ́, ó fẹ́ kí a bá òun ké sí ayé ni. Ohun tí ìyá yóò ṣe ni mo ṣe. Mo sáré lọ sí iléèwé láìwọ bàtà, mo mú ọ̀pá, mo sì lu irin ńlá tí wọ́n gbé kọ́ sára igi máńgòrò. Mo lù ú, Morádéyọ̀, títí apá fi ń ro mí.

Àwọn ọmọ iléèwé tú jáde, wọ́n rò pé wọ́n ti parí fún ọjọ́ náà, wọ́n gbé báàgì, ó di ilé. Ọ̀gá Ṣọlágbadé, ọ̀gá iléèwé wọn, sáré jáde pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, wọ́n ń bi mí pé ibo ni iná ti ń jó. Mo ní ọ̀gá, iná kọ́, àìsí iná ni. Ẹ̀rù bà wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi dé láti oko àti láti odò, bàbá rẹ náà dé pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Mo sọ fún gbogbo wọn pé gáàsì ti tán nílé Morádéyọ̀, ìgbẹ́ àgbò ló ń jẹ ní Ìbà. Ẹnu yà wọ́n. Bàbá rẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ní ṣé Múyìwá tí àwọn fa ọmọ lé lọ́wọ́ nìyẹn. Mi ò rí omi lójú bàbá rẹ rí láti ìgbà tí a ti fẹ́ra, mo rí i l'Ọ́jọ́rú. Ojú ẹsẹ̀ ni ẹni tó ní èédú gbé èédú wá, ẹni tó ní igi gbé igi wá, ẹnì kan lọ gbé sítóòfù rẹ̀, a kó gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ Báyọ̀ tó ń kó ẹ̀gẹ́ lọ sí Okokomaiko, ó sì ṣí lọ.

Ọkọ̀ ti lọ kí Ọ̀gá Ṣọlágbadé tó rántí pé Ìdírísù ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Ọjà Àlàbá. Wọ́n pè é, wọ́n sì ṣe fóònù kí gbogbo wa lè gbọ́. Mo ní Ìdírísù, jọ̀ọ́, sáré dé ilé Morádéyọ̀, má jẹ́ kó jẹ ìyókù. Ó ní ìyókù kí ni, màmá? Mo sọ fún un. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín débi pé a ń gbọ́ àwọn Íbò tí wọ́n jọ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń bi í pé kí ló dé. Ó ní màmá, déètì yẹn, dàbínù ni, dàbínù tí a fi ń ṣínu nígbà ààwẹ̀. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn Haúsá tó ń tà á nítòsí ọjà àgbò ni o ti rà á, o yọ kóró inú rẹ̀, o fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ mọ́ ẹ̀pà yíyan àti kaṣú, o ta oyin sí i, o yí i nínú àgbọn rírin, o wá gbé e sínú fìríìjì kó le. Ó ní ìpápánu ni, òun náà ti jẹ ẹ́ nílé yín. Ó ní fídíò sì ni mo rí, kì í ṣe ìwọ gan-an, o ti ṣe é tán láti àná. Èyí ló yà mí lẹ́nu jù, pé o lè ti jẹ oúnjẹ tán lánàá kí n ṣì máa rí i tí ò ń ṣe é lónìí.

Ojú tì mí, ilẹ̀ kò lanu. Àwọn èèyàn tú ká, bàbá rẹ kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo bẹ Ìdírísù kó má tíì sọ fún ọ, mo ní èmi fúnra mi ni n ó kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tó tẹ̀ lé e. Màmá Sàdíátù, ìyá bàbá rẹ, tí ibà dá dùbúlẹ̀, oúnjẹ ni wọ́n kọ̀ pátápátá. Nọ́ọ̀sì ní bí wọn kò bá jẹun, òògùn kò ní í ràn wọ́n. Mo ro ògì, wọ́n tì í. Mo se ẹja, wọ́n kọjú sí ògiri. A ti ń rọra sọ̀rọ̀ nínú ilé bí ẹni tó ń retí ohun tí kò fẹ́ kó dé. Àfi bí Ìdírísù ṣe dé ní Sátidé, tó gbé ọ̀rá dàbínù kalẹ̀, tó ní kí n dán an wò kí ìtìjú mi lè kúrò. A kò ní ẹ̀rọ, odó ni mo fi gún òun àti ẹ̀pà. Ó lẹ̀ mọ́ ọmọ odó bí àtè, mo fà á, mo bú u, mo tún gún un. A kò ní fìríìjì, mo yí i nínú àgbọn tán, mo dé e sínú abọ́, mo gbé e ti ẹ̀gbẹ́ àmù omi. Nígbà tí mo padà dé, abọ́ ti ṣí, nǹkan inú rẹ̀ ti dín. Mo ní ewúrẹ́ ti jẹ mí níyà. Mo mú igi, mo ń wá a kiri, àfi bí mo ṣe bá màmá lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n jókòó, wọ́n ń jẹ, àgbọn ti kún imú wọn. Igi bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹni tí à ń gbé dìde gbé jókòó, ta ló gbé wọn débẹ̀? Mo pe bàbá rẹ, wọ́n sáré wọlé, wọ́n wo ìyá wọn, wọ́n jókòó ti màmá, wọ́n ń fọwọ́ nu àgbọn kúrò lágbọ̀n màmá. Màmá wá wò mí tìkà-tẹ̀gbin, wọ́n ní nínú gbogbo oúnjẹ tí mo ti ń sè fún àwọn láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, èyí ni àkọ́kọ́ tó jinná.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń jẹun, wọ́n ń lo òògùn, wọ́n ti ń rìn dé ìta, wọ́n sì ti ń bá mi jà.

Nítorí náà, ọmọ mi, kọ́kọ́ lọ sí gáréèjì Okokomaiko, béèrè Báyọ̀, gba èédú àti igi rẹ, kí o sì dá sítóòfù padà, ẹni tó ni ín ti ń wò mí ní ìwòkuwò. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra ẹ̀pà àti àgbọn, gbogbo abúlé ló fẹ́ tọ́ ọ wò báyìí, títí kan Ọ̀gá Ṣọlágbadé. Má fi owó náà gba inú fóònù o. Èyí tí o fi gba inú fóònù lọ́jọ́sí, bàbá rẹ gbọn fóònù náà títí, kò já bọ́. Fún Ìdírísù, kó mú un wá.

Ọlọ́run yóò fi òróró sí ọ̀nà rẹ, ẹni tó bá jẹ nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yóò gbádùn, ilé rẹ kò ní í tutù, ẹ̀rín rẹ kò ní í di omijé. Àmín.

Èmi ìyá rẹ,
Beatrice.

Mo ti fọwọ́ sí i tán kí màmá tó jáde sí mi. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti wọ bàtà, wọ́n ti di ẹrù. Wọ́n ní èyí tí mo gún lódó dára, ṣùgbọ́n àwọn fẹ́ jẹ ti ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Mo bẹ̀ wọ́n, bàbá rẹ bẹ̀ wọ́n, nọ́ọ̀sì ló dá wa lẹ́kun, ó ní ara wọn ti le tó láti wọ ọkọ̀. Ìdírísù tó mú lẹ́tà yìí wá kò dá wá. Gbójú sókè, Àṣàbí, kí o kúnlẹ̀ kí wọn.