Ìbéèrè tí mo bi Jeruto

Màmá Wangeci, ẹ kú ètò orí rédíò o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́.

Iṣẹ́ mi ní Nairobi ni kí n máa fi owó àwọn olówó ti ilé-iṣẹ́ tuntun lẹ́yìn, ká jọ pín èrè. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, Jeruto gbé ẹ̀rọ tó ń fi oòrùn mú wàrà tutù wá, ó ń wá owó tí yóò fi dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó lóyún. Mo ní, "Tó o bá bímọ, ta ni yóò bójú tó iṣẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ọkùnrin tó ṣáájú mi wọlé sọ pé ìyàwó òun bí ìbejì, ẹ sì kí i kú oríire. Ṣé ẹ bi òun náà?"

Mo kọ̀, n kò fún un lówó. Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè yẹn ni wọ́n fi lé èmi náà jáde lẹ́nu iṣẹ́ rí.

Ní báyìí, gbogbo àwọn tó ń ta wàrà ní ìlú Kapsabet ló ń lo ẹ̀rọ rẹ̀. Mo fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó foríjì mí. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé yóò gbà pé kì í ṣe èrè ló gbé mi wá? Èmi gan-an ò tíì gbà.