Ìtàn Bàbá Àgbà Tí O Gé sí Mẹ́ta

Sí ọmọ ọmọ mi, Alákọ̀wé,

Mo kí ọ. Mo gbà pé ara rẹ le, pé o sì ń jẹun lásìkò. Ara tèmi náà le, àfi orúnkún ọ̀tún tó ń ṣe bí àlejò tí kò fẹ́ lọ. Ìyá Olùkọ́ tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ka ìtàn tí o kọ nípa ikú bàbá àgbà rẹ fún mi láti inú fóònù rẹ̀. Oríṣi mẹ́ta ló bá. Ó ní ibì kan wà lórí ayélujára tí àwọn èèyàn ti ń fara balẹ̀ ka ìwé gígùn, o gbé gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Níbòmíràn, ìlà mẹ́rin péré ni wọ́n ní sùúrù fún, o gé e kù sí mẹ́rin. Àwòrán ni wọ́n ń wò ní ibi kẹta, o fi fọ́tò ọwọ́ mi síbẹ̀, o kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.

Ìyẹn ò bí mi nínú. Ogójì ọdún ni mo fi ránṣọ. Aṣọ tí mo lè rán fún ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ náà ni mo lè gé fún ọmọ ọwọ́. Ẹni tí kò wọn ara oníbàárà kó tó ki sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ, ẹjọ́ ló ń wá. O wọ̀n wọ́n dáadáa. Èyí tó gùn dùn mọ́ mi: o rántí pé mo lọ ẹ̀wù funfun bàbá àgbà rẹ, mo sì rán bọ́tìnnì tó já padà mọ́ ọn, kí wọ́n tó wá gbé òkú rẹ̀. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ṣùgbọ́n nínú onílà mẹ́rin, o ní mo wólẹ̀, mo sunkún títí ohùn mi fi há. Nígbà wo? Ìwọ lo bá mi di ẹ̀wù náà mú. O tiẹ̀ bi mí pé, "Ìyá àgbà, ṣé ẹ ò ní sunkún ni?" Mo ní, "Jẹ́ kí n rán bọ́tìnnì yìí tán ná." A máa ń gé aṣọ kó lè bá oníbàárà mu, a kì í jí aṣọ ẹlòmíràn lẹ̀ mọ́ ọn.

Ìyá Olùkọ́ ní ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn ló ti bá mi kẹ́dùn nítorí ẹkún tí n kò sun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó kan ilẹ̀kùn mi. Oṣù márùn-ún rèé tí o ti lọ, ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan ló ń fọhùn nínú yàrá yìí, òun náà á sì dákẹ́ tí mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀.

Yọ ẹkún yẹn kúrò. Gbogbo wọn lo ti wọ̀n, o ò tíì wọn èmi. N kò mọ̀wé. Èyí tó bá ara tèmi mu, ẹnu lo máa fi sọ ọ́, lórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Ọ̀rọ̀ kò ní wọ́n ọ lẹ́nu. Wàá rí ẹni gbọ́ ọ, wàá sì rí ẹni jókòó tì ọ́.

Èmi ni ìyá tó bí bàbá rẹ,
Aránṣọ.

Àfikún: Ìyá Olùkọ́ ní lẹ́tà yìí ti gùn jù, kí n gé e. Mo ní kó fi sílẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni mo wọ̀n. Mo sunkún ṣá o. Ọjọ́ kejì tí o lọ ni, lọ́sàn-án gangan. Mo bu oúnjẹ sí abọ́ méjì. Bóyá bàbá àgbà rẹ ni mo bu ìkejì fún, bóyá ìwọ ni, n kò mọ̀. Má gbé ìyẹn síbì kankan.