Mo Bá Yín Dé Ọ̀dọ̀ Bàbá Ráju

Bàámi àtàtà,

Mo ti lọ Íńdíà, mo sì ti bọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Báàgì ńlá kan ni mo gbé kọ́ ẹ̀yìn bí ọmọ ilé-ìwé, èmi tí orúnkún ń dùn, mo ń wọ rélùwéè kiri apá àríwá ilẹ̀ wọn. Ọmọ-ọmọ yín, Dámilọ́lá, wò mí láti òkè délẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Dallas, ó ní, "Mom, backpack is for college kids o." "O" yẹn nìkan ni Yorùbá tó wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin lẹ kó mi sí i. Nígbà tí ẹ wà lọ́dọ̀ wa ní Grand Prairie níbí, ohun kan tó ń bí yín nínú ní Amẹ́ríkà ni pé kálukú ló ń dá wa mọ́tò tirẹ̀, kò sí ẹni tó ń bá ẹnikẹ́ni jókòó rìnrìn àjò. Lọ́jọ́ Ìsinmi, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, ẹ ó ní kí n yà sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ojú irin ti dábùú títì, kí a dúró de rélùwéè akẹ́rù. Tó bá ti ń bọ̀, ẹ ó yí gíláàsì wálẹ̀, ẹ ó juwọ́ sí awakọ̀ bí ẹni pé ẹ jọ ṣiṣẹ́ rí. Àwọn mìíràn máa ń fọn fèrè dá yín lóhùn. Mo máa ń ṣe bí ẹni pé ó ń sú mi. Bàámi, kò sú mi rí.

Ẹ ó rántí pé ẹ̀yin lẹ máa ń sọ ìtàn Bàbá Ráju fún wa, ẹnjiníà ará Íńdíà tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ ní rélùwéè l'Óṣogbo, tí gbogbo àdúgbò ń fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè, torí ta ni yóò máa la orúkọ mọ́ àgbà lórí? Òun náà kọ́ ọ, ó ń pè yín ní Bàbá Kọ́lá, torí bọ̀dá mi. Ó pẹ́ láàárín wa débi pé ó ń fi Yorùbá nájà fúnra rẹ̀. Ó máa ń sọ fún yín nípa rélùwéè kékeré kan tó ń gun òkè lọ sí ìlú wọn, ẹ sì jọ ṣèlérí pé ẹ ó jọ wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan. Ó padà sílé, ẹ fẹ̀yìn tì, ẹ wá sọ́dọ̀ mi, ó wá ku kí ẹ máa bára yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Nígbà tí ẹ kú lọ́dún tó kọjá, kò sí ẹni tó sọ fún un.

Ohun tó gbé mi lọ nìyẹn. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún un lójúkojú. Nígbà tí mo pè é pé mo ń bọ̀, inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè sọ ju pé mo ń bọ̀ lọ.

Ẹ̀rù bà mí ní ìbùdókọ̀ Delhi, torí èrò ibẹ̀ kò ṣe é kà. Bẹ́ẹ̀dì òkè ni wọ́n fún mi nínú rélùwéè, mo fi báàgì ṣe ìrọ̀rí. Àwọn tó ń ta tíì ń kọjá, wọ́n ń fi ohùn imú polówó, mo sì rántí àwọn tó máa ń sáré tẹ̀lé fèrèsé wa l'Ọ́fà pẹ̀lú ẹ̀pà nígbà tí ẹ bá ń kó wa lọ sí Kàdúná fún ìsinmi. Ẹ kì í jẹ́ kí a fi nǹkan kan ẹnu láìkọ́kọ́ fi lọ ẹni tó jókòó tì wá. Èmi náà bọ́ sílẹ̀, mo tú ìpékeré tí mo gbé láti ilé, mo ní kí ìdílé tó wà nísàlẹ̀ wá jẹun. Àwọn wọ̀nyí kò mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n ní á gba ibi ire. Wọ́n jẹ ẹ́ tán pátá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú tiwọn kalẹ̀, búrẹ́dì pẹlẹbẹ àti ọ̀dùnkún aláta, wọ́n ń kó o sí mi lọ́wọ́ títí ọwọ́ mi fi kún.

Ní Agra, mo rí ibojì funfun tí ọba kan kọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Ó rẹwà, ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ẹ̀yin ì bá ti máa wá ẹni tó ń fọ̀ ọ́ kí ẹ lè kí i kú iṣẹ́. Ní Varanasi, mo jókòó létí odò, mo rí bí wọ́n ṣe ń gbé òkú wá ní gbangba, tí àwọn ọmọ ń tẹ̀lé e. Mo pè yín sókè níbẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́?

Mo wọ rélùwéè kékeré yẹn níkẹyìn. Kò yára rárá. Ó ń gba inú ihò àpáta kọjá, àwọn ọmọdé ń pariwo tí òkùnkùn bá ti bò wá, èmi náà ń bá wọn pariwo. Bí a ṣe ń gòkè ni òtútù ń mú sí i. Ṣé bí ẹ ṣe rò ó nìyẹn?

Bàbá Ráju fúnra rẹ̀ ló wá pàdé mi, pẹ̀lú ọ̀pá. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀ lójú gbogbo èrò. Ó wo ẹ̀yìn mi, ó dúró títí gbogbo èèyàn fi sọ̀ kalẹ̀ tán, ó wá ní kí a máa lọ sílé.

Bàámi, mi ò lè sọ ọ́. Ta ló ń rán ọmọ ní irú iṣẹ́ yẹn sí àgbà? Nílé, àwọn àgbà ló máa ń lọ, wọ́n á jókòó, wọ́n á gba omi mu, wọ́n á ti òkèèrè bẹ̀rẹ̀. Èmi nìkan ni mo dá lọ. Mo ní tó bá mu tíì tán, mo ní tó bá jẹun tán, mo ní ó di àárọ̀. Ọ̀rọ̀ yín ló ń sọ ṣáá, gbogbo ìrìnkurìn tí ẹ jọ rìn l'Óṣogbo, ṣùgbọ́n kò bi mí pé báwo lẹ ṣe wà. Mo kà á sí oríire. Lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀, ó ní kí n bá òun kí àwọn àgbà ilé. Mo ní wọ́n á gbọ́, mo sì sunkún délẹ̀ òkè náà.

Nígbà tí mo dé, ara mi kò balẹ̀ mọ́. Mo wa mọ́tò lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ìjọ wa ní Farmers Branch, mo ní ẹ gbà mí, kí wọ́n bá mi túfọ̀ yín fún Bàbá Ráju. Wọn ò tilẹ̀ bi mí pé kí ló dé tí ará Íńdíà fi nílò irú ètò bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n dé pẹ̀lú Ìyá Ìjọ, wọ́n jókòó sí pálọ̀, wọ́n gba omi, wọ́n ní kí n pe fóònù náà. Àárọ̀ ni lọ́dọ̀ wa, ilẹ̀ ti ń ṣú lọ́dọ̀ tiwọn. Bàbá Ìjọ wúkọ́, wọ́n kí i, wọ́n ní àwọn jẹ́ àgbà lára àwọn ará ilé Bàbá Kọ́lá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí ojú ọjọ́.

Bàbá Ráju ò jẹ́ kí wọ́n dé ibì kankan. Ó fi Yorùbá rẹ̀ tó ti dógùn-ún dá wọn lóhùn pé, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ń retí yín."

Ó ti mọ̀ láti ìgbà tó ti rí i pé èmi nìkan ni mo sọ̀ kalẹ̀. Ó ní òun kò bi mí léèrè kí n má baà di ẹni tí yóò sọ ọ́ fún òun. Bàbá Ìjọ na fóònù sí mi. Mo gbọ́ tí bàbá náà ń sunkún. Nígbà tó ṣe, ó ní, "O kú ará fẹ́ra kù, ọmọ mi."

Bàámi, láti ìgbà tí ẹ ti lọ, gbogbo ayé ló ti kí mi bẹ́ẹ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi iṣẹ́, lórí fóònù láti Òṣogbo, ohun tí mo sì máa ń sọ ni pé ẹ ṣeun. Ti Bàbá Ráju nìkan ni mi ò lè dáhùn bẹ́ẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, mo ní, "Ẹ̀yin náà, sà. Ẹ kú ará fẹ́ra kù."

Èmi ni tiyín, tọkàntọkàn,
Àbíkẹ́yìn yín.