Yàrá Màmá Nínú Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Tuntun

Akọ̀wé, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Àwa níhìn-ín wà láàyè, a sì ń gbàdúrà fún ọ. Mo mọ̀ pé ọdún díẹ̀ péré ni mo fi jù ọ́, a sì ti jọ pín ṣòkòtò kan wọ rí, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi tó bí ọ ti kú, èmi ni bàbá rẹ. Nítorí náà, jókòó kó o tó ka lẹ́tà yìí.

Ara Màmá le. Láti ìgbà tí wọ́n ti wó ilé tí Màmá ti ń ránṣọ nígboro, tí Màmá sì wá dúró lọ́dọ̀ mi, kò sí aṣọ tó ya mọ́ lábúlé yìí. Aṣọ fèrèsé mi ni wọ́n wá ń wò báyìí bíi pé ó ṣẹ̀ wọ́n.

Mo rí àwòrán ilé tuntun tí Màmá máa kó lọ, èyí tó o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Wọn ò ya òrùlé sí i, gbogbo yàrá ló ṣí sílẹ̀ fún òjò. Kìlọ̀ fún wọn. Pé ìsọ̀ máa wà nísàlẹ̀, kí olówó àti mẹ̀kúnnù, arúgbó àti ìyàwó tuntun sì jọ máa gbé lókè níbi tí iléeṣẹ́ ọṣẹ àtijọ́ wà, ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n yàrá kan wà láàárín tí kò ní fèrèsé, tí ibùsùn ò lè wọ̀. O ní yàrá yẹn ló máa ń gbé èèyàn gòkè. Ọmọ mi, inú yàrá ni mo ti ń sùn láti kékeré, kò sí èyí tó gbé mi lọ síbì kankan rí.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an ni pé o yan yàrá kan nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìsọ̀, fún Màmá nítorí ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. Orí mi gbóná. Ṣé kí àpọ́n kan máa fẹsẹ̀ rìn lórí ìyá tó bí bàbá rẹ ni? Bí a bá máa to èèyàn léra, àgbà là ń fi sókè. Mo pe nọ́ńbà tó wà lábẹ́ àwòrán náà, mo ní èmi ni ọmọ ìyá aránṣọ, kí wọ́n gbé ìyá mi lọ sókè pátápátá. Obìnrin tó gbé fóònù bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní bí kò bá dá mi lójú, mi ò ní pè. Ó ní ó ti parí.

Mo sọ fún Màmá, mo ń retí kí wọ́n súre fún mi. Wọ́n gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní, "Ta ni yóò máa kí mi lókè ọ̀hún?" Àṣé ẹsẹ̀ wọn tó ń dùn wọ́n kọ́ ni ìṣòro. Àwọn tó ń kọjá lójú fèrèsé wọn láàárọ̀, tó ń bi wọ́n bí wọ́n ṣe sùn, ni wọ́n ń fẹ́. Wọ́n ti tú ẹrù tí wọ́n dì, wọ́n ní àwọn ò padà mọ́. Wọn ò sì ránṣọ mọ́.

Mi ò sọ pé mo ṣàṣìṣe o. Ṣùgbọ́n lọ bá obìnrin yẹn lọ́la, kó dá yàrá ìsàlẹ̀ padà. Bí wọ́n bá ti fún ẹlòmíràn, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi, fi owó bàtà tó nípọn kún un, torí àtẹ̀gùn yẹn pọ̀. Mà á wá bá yín gbé. Láràárọ̀ mà á pọ̀n wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi táwọn èèyàn ti ń kọjá, lálẹ́ mà á pọ̀n wọ́n gòkè. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín. Màmá náà ti pọ̀n mí rí.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á yọrí sí rere. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó o gbé ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní kí ọ káàárọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ kékeré.