Bí Mo Ṣe Sín Bọ̀dá Ràṣíìdì Jẹ

Àlàrùbá, lẹ́yìn ìrun Màgáríbì

Mo bá ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Ràṣíìdì, lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ti ń kọ́ni. Kó tó wọ kíláàsì, mo ti bọ́ síwájú, mo kẹ̀yìn sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, mo ń ka nóòtì fún bọ́ọ̀dù bíi tiẹ̀. "Ṣé ó yé yín? Ó dáa." Mi ò dúró kí wọ́n dáhùn, torí òun náà kì í dúró. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ọmọbìnrin kan ní, "Wàlláhì, òun gan-an nìyí! Kò sí ohun tó máa ń yé wa."

Àṣé Bọ̀dá ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Kò nà mí. Nígbà tá a délé, ó ní, "Oníyẹ̀yẹ́, wá tún un ṣe kí n rí i." Mo ṣe é, kò dùn mọ́ mi lẹ́nu. Ó mú ìwé tó fi ṣètò ẹ̀kọ́ ọ̀la, ó fagi lé orí ọ̀rọ̀ mẹ́rin nínú mẹ́fà. Ó kọ ọ́ sábẹ́ méjì tó kù pé: "Bi wọ́n. Dúró."

Ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn ń bọ̀ wá jókòó sí kíláàsì náà lọ́la, kó tó pinnu bóyá wọ́n á gbà á síṣẹ́ pátápátá.

Tí Bọ̀dá bá wá bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, tó sì dúró lóòótọ́, ẹ̀rín ni wọ́n á fi dá a lóhùn. Èmi ni mo kọ́ wọn. Èmi tí mo kúrò nílé ìwé ní SS2...

Màá ṣáájú ẹ̀ débẹ̀, màá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má rẹ́rìn-ín. Ohùn ara mi ni màá fi sọ ọ́.