Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ Iwájú Ilé Wa

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹfà

Ìyàwó ni mí! Mo tún un kọ: ìyàwó ni mí! Láti ìgbà tí a ti so yìgì, ẹ̀rín ò tíì kúrò lẹ́nu mi.

Eyínafẹ́ — orúkọ tí mo fún ọkọ mi nìyẹn, nítorí eyín rẹ̀, ìwé yìí nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ibi iṣẹ́ kan náà la jọ ń lọ, níbi tí wọ́n ti ń tún omi tó ń ti ihò ìwakùsà jáde ṣe. Èmi ń fọ ìgò ní yàrá ìdánwò. Òun ló ń bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wá fún àyẹ̀wò. Wọ́n á da ẹfun sínú omi burúkú yẹn, òjé àti ìdọ̀tí á sì rọlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ adágún. Bí àyẹ̀wò bá ní kò léwu, ẹni tó bá fẹ́ lè fi kún ilẹ̀. Bó bá léwu, inú kòtò tí wọ́n tẹ́ rọ́bà sí ló ń lọ, títí ayé.

Èyí tí Eyínafẹ́ bù kò léwu! Ọ̀gá ní ká gba tiwa, ẹ̀bùn ìgbéyàwó. Iwájú ilé wa tó máa ń rì pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ á di pẹrẹsẹ!

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹfà

Tìpà kó gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dé! Ìyá ọkọ mi ń jó yí i ká. Ó ní, “Ìyàwó mi, ẹsẹ̀ ẹ tutù o! Láti ayébáyé la ti ń bẹ ọmọ yìí. Àfìgbà tí obìnrin wọlé kó tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ ìyá òun ń rì!” Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹfà

Mo gbin ẹ̀fọ́ sí eteetí ilẹ̀ tí a kún. Ọgbà mi. Ọkọ mi. Ilé mi!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kẹfà

Mo bá Eyínafẹ́ gbé ìgò lọ sí adágún. Òkè pátápátá ló ń bù, níbi tó funfun, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ẹfun sí. Mo ní, “Olówó orí mi, òkè ọbẹ̀ lẹ ń bù, ìsàlẹ̀ lẹran wà o!” Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyàwó kì í kọ́ ọkọ níṣẹ́.

Ó dùn mí díẹ̀. Ó ti tán.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kẹfà

Kò tán.

Mo fi ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ yẹn pa Onígò lẹ́rìn-ín — ìyá tó ń ṣe àyẹ̀wò, èmi ni mo ń fọ ìgò fún un. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí iṣẹ́. “Òkè nìkan?” Ó ní ẹfun tútù ló ń di òjé mú. Bí òjò bá fọ ẹfun lọ, òjé á tú dànù sínú omi. Láti òkè dé ìsàlẹ̀ ló yẹ kí wọ́n máa bù, kí wọ́n pò ó pọ̀.

Ìgbà wo ni oúnjẹ wá di kíkorò lẹ́nu mi báyìí?

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kẹfà

Òjò. Látàárọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kẹfà

Mo bi í. Kò tilẹ̀ jiyàn. Ó ní kòtò rọ́bà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, Ọ̀gá ò fẹ́ gbẹ́ òmíràn, Ọ̀gá náà ló ní kóun máa bu òkè, kí àyẹ̀wò lè ní kò léwu.

“O mọ̀, o sì kó o wá síwájú ilé ìyá ẹ?” Èmi tí mo máa ń pè é ní ẹ̀yin.

“Ṣé a fẹ́ jẹ ẹ́ ni? Ilẹ̀ la fi kún.”

“Kànga iwájú ilé ń kọ́?”

Ó kọjú sí ògiri. Ìyàwó ọ̀ṣìngín, ẹ kú oríire o! Ẹ kú oríire!

Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kẹfà

Mo gbẹ́ iwájú ilé láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo bu díẹ̀ lọ fún Onígò kó yẹ̀ ẹ́ wò. Mo bẹ ìyá ọkọ mi kó má pọn omi kànga mọ́. Ó ní, “Omi tí mo fi tọ́ ọkọ ẹ dàgbà! Ìyàwó, wàhálà ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ o.” Ó pọn ọ́n. Ó mu ún lójú mi. Mi ò lè sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ mọ̀ sí i.

Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kẹfà

Eléwu ni.

Onígò ò sọ fún Ọ̀gá, àwọn àjọ tó ń ṣọ́ omi ló pè. Ọ̀gá ní ẹni tó bù ú ni kò mọ̀ ọ́n bù. Eyínafẹ́ àtàwọn òṣìṣẹ́ yòókù ni yóò wá kó o kúrò. Yàrá kan, bẹ́ẹ̀dì kan, ó dà bí ẹni pé odò wà láàárín èmi àtòun.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Oṣù Kẹfà

Wọ́n wá. Aṣọ funfun látòkè délẹ̀, ìbọ̀wọ́, ìbòmú tó bo gbogbo ojú. Ìyá ọkọ mi ní ṣé òkú ni wọ́n wá gbé. Wọ́n hú ẹ̀fọ́ mi. Wọ́n ti kànga pa.

Mo dá Eyínafẹ́ mọ̀ láàárín wọn. Ìrìn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò dá a mọ̀.

Ìyá gbé àga síta, ó ń kí wọn: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ rí ibi.” Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ sókè. “Wọ́n tan ọmọ mi. Ẹni tó mọ̀ pé májèlé ni, tó sì jẹ́ kó dé ilé opó, tọ̀sán-tòru kò ní rí ìsinmi.”

“Àmín,” ni wọ́n dáhùn.

Òun náà. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn ìbòmú. Ó ṣe àmín, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń walẹ̀ lọ.